Ẹ̀rọ Omi Ààtàn Tí O Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi Jùbrílù Àlàó,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí onílé yín náà, nítorí ẹni tó bá gba ọmọ ẹni sílé, ó yẹ ká kí i. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà ní Agbamu níbí, a ò kú, a ò sì sanra. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa má baà sọ pé òun fi ẹnu òun ṣòfò.

Ẹ̀rọ kékeré tí o fi rán Sàláwù awakọ̀ dé ọwọ́ mi, kò fọ́. Sàláwù ní ẹ̀rọ yìí ni àwọn olówó Èkó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹja nínú àpótí gíláàsì. Mo ní ẹja tó wà nínú omi láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a, kí ló tún fẹ́ fi atẹ́gùn ṣe? Ó ní òun kò mọ̀, awakọ̀ lòun. Ṣùgbọ́n o ní kí n fi ṣe omi ààtàn fún ata mi, mo sì ṣe é.

O mọ bí ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ tí mo gbin ata sí yẹn ṣe rí. Láti ìgbà tí ayé ti le, a ò fi ojú rí ajílẹ̀ aláàpò mọ́, ata èṣí kò sì ṣe dáadáa. Bàbá rẹ kékeré, Ọ̀ṣẹ́nì, wá ní ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n àwọn fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣá lọ́wọ́ opó, pé bí ata ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá tún kùnà, àwọn yóò gbà á, àwọn yóò gbin ìrèké sí i. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ ti jọ ń ro oko kí a tó bí ọ, mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pọn omi kún garawa. O ní kí n di ààtàn tó ti jẹrà sínú àpò tí omi lè gbà kọjá. Mi ò ní irú àpò bẹ́ẹ̀, mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò bàbá rẹ kan, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, mo so ìdí rẹ̀, mo kó ààtàn sí i, mo rì í sínú omi garawa, ṣòkòtò náà sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ oko. Ṣúgà tí o ní kí n bù sí i, àlejò là ń gbé e pamọ́ fún báyìí, ata kì í ṣe àlejò, omi ìrèké ni mo fún sí i. Mo ti rọ́bà ẹ̀rọ bọ inú garawa, mo so ó mọ́ iná, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí igi ìdáná lábẹ́ rẹ̀. Àyìnkẹ́ aládùúgbò wa tó wá yá odó lọ́wọ́ mi sá jáde, ó gbàgbé odó sílẹ̀.

O kọ ọ́ pé kí n má ṣe pa á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo kà á, ó yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo wo ẹ̀rọ náà, ó ti ń mí gúlegúle láti àárọ̀, kò jẹ, kò mu, Èkó ló sì ti wá. Èèyàn tí wọ́n kọ́ nílé kì í jẹ́ kí àlejò ṣiṣẹ́ di òru. Mo pa á kó sinmi. Mo wá fi ọmọrí dé garawa, mo wé e láṣọ bí a ti ń wé irú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ń rùn, inú mi sì dùn, nítorí irú tí kò bá tíì rùn kò tíì di irú. Mo dà á sí ebè àkọ́kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ata tẹrí ba bí ẹni tó ń kírun, kò sì gbérí mọ́. Bàbá rẹ kékeré ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀, wọ́n rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà.

Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo bẹ ẹ̀rọ náà pé kó má bínú, iṣẹ́ pọ̀, mo sì jókòó tì í kó má baà dà bíi pé mo ń fi ṣe ẹrú. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, mo ń fi igbá bu omi náà, mo ń dà á padà láti òkè bí ẹni tó ń mú ògì gbígbóná tutù fún ọmọ, títí iná fi dé. Kò rùn rárá, òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń jáde lára rẹ̀, mo sì dà á sí àwọn ebè yòókù.

O ní kí n fi ebè kan sílẹ̀, kó máa mu omi lásán, kí a lè mọ ìyàtọ̀. Èyí ni mi ò lè ṣe. Ta ló ń bọ́ ọmọ kan kí èkejì máa wò ó lẹ́nu? Mo yọ́ fún un ní tirẹ̀ náà. Nítorí náà kò sí ìyàtọ̀ kankan, gbogbo wọn ló tutù yọ̀yọ̀, àfi èyí tí mo pa.

Bàbá rẹ kékeré mú àgbà ilé wá wò ó. Wọ́n já ata kan, wọ́n tọ́ ọ wò, omi jáde lójú wọn. Wọ́n ní kí n máa dá oko mi lọ. Bàbá rẹ kékeré wá ní kí n yá àwọn ní ẹ̀rọ náà, ó kúkú ti parí iṣẹ́. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí ló dé. Ìwọ nìkan ni n ó sọ ọ́ fún.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, kò sí ẹlòmíràn tó ń mí nínú yàrá wa. Wọ́n a máa hanrun, èmi a sì máa bá wọn jà sí i. Mo ṣàárò ìhanrun wọn. Ọjọ́ tí mo jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, ibi tí mo jókòó sí ni oorun ti gbé mi lọ, mo sì sùn di ojúmọ́, èyí tí n kò tíì ṣe láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tí ata kò bá wá a, mo máa ń ti rọ́bà rẹ̀ bọ abọ́ omi mímọ́ lẹ́bàá ibùsùn. N kì í pa á lóru mọ́. Òun ló fà á tí owó iná fi ga, tí ẹni tó ń pín ìwé iná fi bi mí bóyá mo ti ra ẹ̀rọ ìlọta. Jọ̀ọ́, fi owó iná ránṣẹ́, kí o sì wá ẹ̀rọ mìíràn fún bàbá rẹ kékeré, kí wọ́n yé wo tèmi.

Bí ẹ bá ń bọ̀ fún Iléyá, sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má bẹ̀rù bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan kan ń mí nínú yàrá bàbá wọn àgbà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí yàrá tìrẹ dákẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fulera