Ọwọ́ Tí Bàbá Ọlọ́rundáre Ògúnṣẹ̀yẹ Fi Sọ̀rọ̀ (1910–1979)

Ìmẹ̀sí-Ilé, ní agbolé Ìsàlẹ̀ Àpáta, ni wọ́n ti bí Olóògbé Ọlọ́rundáre Ògúnṣẹ̀yẹ ní oṣù kẹta ọdún 1910. Ògúnṣẹ̀yẹ tó bí i, àgbẹ̀ oníṣu ni. Àpìkẹ́ ìyá rẹ̀, aṣọ kíjìpá ló ń hun, ilé tí aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kò wọ̀ kò pọ̀ nílùú nígbà náà. Bí Ògúnṣẹ̀yẹ bá ń rojọ́ nínú ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kì í sinmi. Ẹni tó bá jókòó tì í yóò ti sún ìjókòó kí ó tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ọwọ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ jogún.

Ní 1919 ló bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nílé, ó sì parí ìwé mẹ́fà ní Iléṣà ní 1927. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un síwájú èrò, níbi ayẹyẹ ìkórè, kí ó ka àkọ́sórí kan nípa òjò. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, àmọ́ bí ó ṣe gbé ọwọ́ sókè, tó ń mi ìka wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá kan dìde lẹ́yìn pé òun fẹ́ lọ ká aṣọ tí òun sá. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò olóògbé, tó ń fi ìrántí kọ ìtàn yìí lórúkọ ẹbí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ní Sárìyá, lókè Ọya. Bí ó bá ṣi ọjọ́ mú níbì kan, kí ẹ foríjì í. Kò ní ṣi ti ọdún 1972 mú, nítorí ó wálé lọ́dún náà, ó sì wà nínú ìpàdé tí a ń bọ̀ wá sọ.

Ní 1930 ni Bàbá wọ iṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo. Ní 1936 ló gbé Phebe níyàwó, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, wọ́n sì ń gbé ní Òkè-Fíà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 1961, níbi tí wọ́n ti ń so wágọ̀nù pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ há sáàárín irin. Abíọ́lá, ọmọ ìlú kan náà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní stéṣọ̀n, ló pọ̀n ọ́n dé ilé-ìwòsàn. Àwọn dókítà kò gé ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ó kú sí i lára: ìka pé, èékánná pé, kò lè gbé ṣíbí.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọkùnrin tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́, òsì nìkan ló kù fún un. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé pé a kì í na ọwọ́ òsì síwájú àgbà.

Mùyídéènì Rájí, télọ̀ tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, ló kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní, “Bàbá Ọláfúnkẹ́, ọwọ́ yìí ń fì bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ jẹ́ kí n wá ilé fún un.” Ó rán àpò sí inú gbogbo agbádá Bàbá lápá ọ̀tún, ọwọ́ náà sì ríbi gbé.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti fi ara yòókù kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lákọ̀tun. Ọwọ́ òsì rẹ̀ a di ẹ̀yìn agbádá mú. Yóò kọ́kọ́ dúró láìsọ nǹkan kan, títí ọmọ tó ń ké yóò fi rí ọmú. Yóò wá ẹni tó jìnnà jù lọ, yóò máa wo ojú onítọ̀hún sọ̀rọ̀, àwọn tó wà láàárín yóò sì gbọ́. Bí ó bá dé ibi ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún, yóò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹyọ kan péré. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ a máa wá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Yóò ní kí ọ̀kan dìde: “Pa ẹnu dé, kí o bẹ̀ mí.” Yóò wá bi àwọn yòókù pé kí ni wọ́n rí.

“Bàbá, ó dà bí ẹni tó fẹ́ gbá yín létí.”

“Èjìká rẹ̀ ni. Sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ń tọrọ kì í gbé èjìká.”

Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Àwọn Ọmọ Òkè, ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ̀ka Òṣogbo, fi í ṣe agbẹnusọ ní 1963. Nípa ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi tún afárá ọ̀nà oko ṣe ní 1967, láìsí pé ó na ìka kan sí ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 1972, ọlọ́lá kan tí ẹbí kò ní dárúkọ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ó ti ṣèlérí láti kọ́ ilé kan ṣoṣo. Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ̀ngàn ní Òṣogbo. Àwọn obìnrin mẹ́tàlélógún sì wọ ọkọ̀ ẹrù wá láti ilé, wọ́n fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ìdí ògiri lẹ́yìn ni wọ́n fi wọ́n sí. Bàbá dìde láti bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ó dúró bí ó ṣe máa ń dúró. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí àlejò fi dá a dúró: “Àwọn obìnrin wo? Ta ló rí wọn?”

Bàbá yí ara padà, ó sì ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wọn, bí ẹni ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún èèyàn pàtàkì. Ó ní, “Ẹ wò wọ́n, sà.” Kò na ọwọ́ sí àlejò rárá. Ṣùgbọ́n àlejò ti dìde.

“Ó ki ọ̀tún bọ àpò, ó ń fi òsì júwe fún mi. Ṣé irú ìwọ̀sí tí ẹ pè mí wá gbà nìyí?”

Ó jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá jókòó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé: “Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ fi ìgbéraga ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, ó na ọwọ́ òsì sí àlejò wa. A gba ipò agbẹnusọ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ẹni mọ́kànlá! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ ọwọ́ náà. Níbi àsè, àwọn náà ló ń bá a gé ẹran. Akọ̀wé tó sì kọ gbólóhùn yẹn, Abíọ́lá ni, Abíọ́lá tó pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí irin gba ọwọ́ náà.

Màmá Phebe bẹ ọkọ rẹ̀ títí. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọkùnrin náà nílé. Ẹ ká apá agbádá yín sókè, kó fojú ara rẹ̀ rí i.”

Bàbá ní, “Àlejò kò mọ̀, mi ò bá a jà. Kí ni mo fẹ́ fi han àwọn tó mọ̀?”

Kò dúró sọ̀rọ̀ níwájú èrò mọ́ títí ó fi kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méje. Nínú ìjọ, níbi tí òun ti ń ka Bíbélì fún ogún ọdún, ó kọ̀ láti bọ́ síwájú. Ó kàn ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lórí ìjókòó. Wọ́n parí gbọ̀ngàn ní 1974, wọ́n sì fi orúkọ àlejò sára rẹ̀. Wọn kò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ṣì ń pàdé Bàbá ní Òkè-Fíà, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n ń pè é ní àgbà. Ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyẹn?

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1979. Ó fi aya sílẹ̀, Màmá Phebe, àwọn ọmọ, Ọláfúnkẹ́ tó jẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀sà-Òkè, Ọmọ́léyẹ tó wà ní rélùwéè bíi bàbá rẹ̀, àti Ìbíyẹmí, àwọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àbúrò kan, àti àwọn ọmọ tó kọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, tí a kò lè kà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ẹbí pé kí a fún àwọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ìsìn òní láti yin “agbẹnusọ wa àtàtà”. Abíọ́lá ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ẹbí gbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ọdún 1972 ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà sókè, kí wọ́n sì sọ pé irọ́ ni, pé àwọn mọ̀ ọ́n ní irọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Bí wọn kò bá ní sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jókòó. Ìjọ yóò kọ orin.

Pósí wà ní ṣíṣí. Màmá Phebe ti ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún jáde láti inú aṣọ, ó wà lórí àyà rẹ̀. Bí ohùn bá kọ̀ fún ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀, kí ó rìn wá síwájú, kí ó di ọwọ́ náà mú. Kò ní láti ya ẹnu. Gbogbo wa ni yóò gbọ́ ọ.

Ẹ sùn re o, Bàbá, ọmọ Àpìkẹ́. Ẹ ti dúró pẹ́ tó. Kí Ọlọ́run, tó mọ ohun tó wà nínú agbádá kálukú, fi ọwọ́ méjèèjì gbà yín.