Nípa Ohùn Bàbá Rẹ Tí Wọ́n Wọ̀n

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ọ̀rọ̀ ohùn bàbá rẹ tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà.

O mọ̀ pé tí bàbá rẹ bá ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ẹni tó di okùn mú lókè á gbọ́ ọ ketekete. Láti ìgbà tí ọ̀fun ti ń dùn wọ́n ni ohùn náà ti di tín-ín-rín. A lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kan sí wọn lẹ́nu, ó kọ igba ó lé mẹ́wàá. Èmi náà sọ̀rọ̀, tèmi ò ju igba lọ. Mo ní ọkọ mi ló gbégbá orókè, àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní iye ìgbà tí ọ̀fun ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, pé bí ohùn ọkùnrin bá ṣe rinlẹ̀ tó ni iye náà ń kéré tó. Mo bi í pé ta ló ráyè kà á, torí mi ò rí ẹni tó yẹ inú ọ̀fun wọn wò. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó fi irú ẹ̀rọ náà sínú fóònù wa.

Bàbá rẹ ní inú kànga ni ohùn wọn ti máa ń rinlẹ̀ jù, ni wọ́n bá gbé fóònù, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga ẹ̀yìnkùlé tó ti gbẹ, wọ́n ń pe orúkọ rẹ. Èmi ni mo di àkàsọ̀ mú. Ó dún gbọ̀ọ̀, inú mi ti ń dùn, àmọ́ igba ó lé mẹ́wàá náà ni fóònù kọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gòkè.

Ohun tó ń dùn wọ́n gan-an nìyí. Níjọ́ tí o pè kẹ́yìn, bàbá rẹ ló gbé fóònù. Wọ́n kí ọ, ìwọ sì ní màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún bàámi ní fóònù. Wọ́n kàn gbé e fún mi, ìwọ wá rò pé wọn ò fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Ojú ló ń tì wọ́n, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ní ohùn náà lè padà bọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ ká lè padà lọ rí nọ́ọ̀sì náà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fojú sunkún ọmọ, ọ̀nà rẹ á máa là. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pè wá. Mi ò ní gbé e. Ẹni yòówù tó bá gbé e, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ rí, kọ́kọ́ sọ pé ẹ kú ilé, bàámi.

Èmi ni, ìyá rẹ.