Bàbá Jókòó sí Àyè Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀wálé,

Mo kí yín, mo kí Ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá kò wú mọ́, Ọlọ́hun ṣeun.

Mo ti fi sípíríìn àti ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ránṣẹ́ sábẹ́ mọ́tò asáré tí a jọ ń tò lẹ́yìnkùlé. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó wúwo tó yín gbọ́dọ̀ jókòó sí àyè awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí n tó dè é le. Mo ń wá ẹni tó máa jókòó ni Bàbá, tí wọn ò dárúkọ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ sí Kánádà, bá wọ inú mọ́tò jókòó sí àyè yín.

Wọ́n ní, "Kàósárà, ṣé bí Bọ̀wálé ṣe wúwo tó nìyí?"

Mo dè é tán, wọn ò sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wọ́n. Ọlọ́hun á fi ojú rere wò wá.

Àbúrò yín,
Kàósárà