Pọ́ńpù Ìyálé

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025

Ọyẹ́ bo gbogbo Japara. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, iwájú ọkọ̀ Bàbá nìkan ni mo rí lábẹ́ igi fúrúùtù, ó ń yọjú, ó ń fara pamọ́. Mo gé búláòsì méjì. Mo fi Dúdú tẹ aṣọ kó má baà yọ̀. Dúdú mi ọ̀wọ́n, irin kékeré tí Bàbá fún mi, láti kékeré la ti jọ wà, kò bá mi jà rí.

Gabriel pè. Àbúrò mi tó dàgbà sọ́dọ̀ Màámi ní Efire. Físà Màámi ti jáde. Wọ́n ń lọ bá a ní Kánádà. Wọ́n á gbéra ní ọjọ́ kẹrin oṣù Èrèlè. Màámi ti pé ọdún méjìléláàádọ́rin. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orí yẹn wọ inú yìnyín lọ, ìgbà wo ló ń padà?

Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n parí tẹ́sùbáà wọn, wọ́n jáde lọ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì Ìyálé, wọ́n dúró níbẹ̀ títí. Ìgbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Mo máa lọ kí ìyá ẹ kó tó lọ. Ìyálé ni màá sì gbé lọ, kì í ṣe ọkọ̀ mìíràn."

Ìyálé — Pijó 504 wọn. Màámi ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní òun ló ti wà nílé káwọn tó dé, òun náà sì ni ọkọ àwọn máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ láti ọdún 1993. Ọdún tí Màámi lọ.

Láti ìgbà yẹn Bàbá ò dé Efire rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Ohun tí mo mọ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 1993, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Epo wọ́n, mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú títì. Wọ́n ránṣẹ́ láti Efire pé ara ìyá Màámi ò yá rárá, wọ́n ń bèèrè ọmọ wọn. Bàbá ní epo nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé — ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé àti páálí ní Iwopin ni wọ́n ti ń wakọ̀ nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàdé Màámi. Ṣùgbọ́n Ìyálé kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́. Ọjọ́ kẹta ni Màámi tó pọn Gabriel, wọ́n rìn lọ sí garéèjì. Kí wọ́n tó dé Efire, wọ́n ti sin ìyá wọn.

Wọn ò padà wá mọ́. Èmi ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn, mo máa ń lo ọlidé.

Irin lásán ló fọ́ ilé wa. Mo bú ọkọ̀ yẹn títí mo fi dàgbà.

Jímọ̀, 17

Mẹkáníìkì dé láti Àgọ́-Ìwòyè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọlátúbọ̀sún lorúkọ ẹ̀. Mo ti fún un ní tèmi: Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu ẹ̀ jáde kò ju ìyẹn lọ. Ó wo Ìyálé yí ká, ó bọ́ fìlà. Ó ní àwọn tó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ò fiṣẹ́ ṣeré.

Ó ní tí Ọlọ́run bá fẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kà á lórí ìka. Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí Màámi wọkọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ Ajé, 20

Bátìrì tuntun. Táǹkì ti di fífọ̀ — ìpẹtà tó jáde níbẹ̀ pọ̀. Táyà ti dé.

Ọjọ́rú, 22

Àlá. Ìyálé ń lọ lórí ọ̀sà, omi ò wọ inú ẹ̀. Màámi jókòó síwájú, wọ́n wọ aṣọ funfun ìjọ wọn. Kò sẹ́ni tó di ìtọ́kọ̀ mú. Inú mi dùn lójú àlá, mi ò mọ ìdí.

Jímọ̀, 24

Ọ̀rọ̀ dé o.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ń tọ ọ̀nà epo láti táǹkì dé ẹ́ńjìnnì, ó ní pọ́ńpù epo dà. Ibi tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, páálí ni wọ́n gé bò ó, wọ́n fi bóòtù méjèèjì dè é. Wọ́n dè é dáadáa pẹ̀lú, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé ta ló yọ ọ́.

Bàbá wọ yàrá lọ. Wọ́n fa agolo bisikíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Pọ́ńpù wà níbẹ̀, wọ́n fi gèlè wé e. Gèlè ọ̀hún ti gbó, gírísì ti mu ún yó. Mo mọ̀ ọ́n. Ti Màámi ni, aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń wé lọ sí Ọjà Òkè-Sọ́pẹ̀n.

Mo béèrè pé ṣé wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọkùnrin náà ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Mo gbójú kúrò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbójú kúrò, ogún ìdílé wa ni.

Àbámẹ́ta, 25

Awọ inú pọ́ńpù ti gbẹ, wọ́n ti rí òmíràn fi sí i ní Ìjẹ̀bú-Òde. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ní kí n fọwọ́ kàn án — lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Mo fi ìka dí ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé, ó fi àtàǹpàkò tẹ apá irin tó yọ lẹ́yìn ẹ̀. Pọ́ńpù fa ìka mi bí ọmọ tuntun ṣe ń fa ọmú. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ṣàlàyé fún mi. Irin gígùn kan ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan wú. Tí ibi tó wú bá yí dé, á ti apá pọ́ńpù. Tó bá kọjá, apá á padà. Bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe ń gòkè, díẹ̀díẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín irin méjì kí ọ́ìlì má jò, ò sí. Bàbá ní páálí Iwopin ṣì kù lórí àjà, èyí tí wọ́n mú bọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo gé e. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹnu pọ́ńpù, ihò ńlá láàárín, ihò bóòtù lọ́tùn-ún lósì, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e, mo rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ní télọ̀ ni mí lóòótọ́.

Ọwọ́ mi mọ bátànì yẹn. Ó ń yí kiri lórí páálí láìbéèrè ọ̀nà. Níbo ló ti mọ̀ ọ́n?

Àìkú, 26

Kò wọlé. Pọ́ńpù ò jókòó. Tí a bá fún bóòtù, apá ẹ̀ á ti ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á kọ̀, kò ní yí. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ní tí òun bá fi agbára mú un, apá á dá, òun ò sì mọ ibi tí òun ti máa rí òmíràn. Ó ní kí á fi pọ́ńpù oníná sí i. Bàbá ní rárá. Ohùn wọn le débi pé ewúrẹ́ àdúgbò sá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Gabriel tún pè. Màámi ti ń pín ìkòkò wọn fún àwọn ará ìjọ.

Ọjọ́rú, 29

Má-Fọwọ́-Kàn-Án lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọ̀gá òun sọ pé ó ku nǹkan kan. Nǹkan dúdú, ó nípọn tó ìka, ẹnu ẹ̀ rí bíi ti pọ́ńpù, ihò ńlá láàárín, ihò kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín pọ́ńpù àti ẹ́ńjìnnì ló ń wà. Òun ni kì í jẹ́ kí apá náà wọlé jù. Ó ní ṣé mo rí irú ẹ̀ nílé rí.

Ọwọ́ mi wà lórí Dúdú. Búláòsì aláràbarà lábẹ́ ẹ̀. Ihò àárín ẹ̀ tí mo fi ń ya bọ́tìnì láti ogún ọdún.

Mo ní mi ò rí i.

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo bi Bàbá léèrè. Ojú wọn wà nílẹ̀. Wọ́n sọ gbogbo ẹ̀.

Ìyálé ò bàjẹ́ nígbà kankan. Àwọn ni wọ́n yọ pọ́ńpù ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló bà wọ́n — ìjà ti wà láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n gbà pé tí Màámi bá dé Efire, àwọn ará ilé wọn ò ní jẹ́ kó padà sílé mùsùlùmí mọ́. Wọ́n rò pé ara ìyá Màámi á yá. Wọ́n ní ọjọ́ kan tàbí méjì làwọn fẹ́ fi dá a dúró.

Mo ní kí ló wá dé tí ẹ fún mi ní Dúdú?

"Mo mọ ara mi. Tí ìyá ẹ bá sunkún, màá dá a padà. Mo fún ọ kó má baà sí lọ́wọ́ mi."

Mo rántí. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀, kí n má fún ẹnikẹ́ni, kódà tí àwọn gan-an bá bèèrè. Mo rò pé ẹ̀bùn ni. Inú mi dùn débi pé mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Màámi ń sunkún ní yàrá kejì, èmi ń yọ̀ mọ́ irin.

Mo bínú sí wọn, mo bínú sí ara mi, mo bínú sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò mọ nǹkan kan.

Jímọ̀, 31

Bàbá ní kí n mú Dúdú wá. Mo ní ẹ ní kí n má fún yín kódà tí ẹ bá bèèrè, àṣẹ yín ni mò ń tẹ̀ lé.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù Èrèlè

Láti ìdájí ni Bàbá ti jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù mi nínú ọyẹ́. Wọn ò bèèrè nǹkan kan. Fìlà wọn ti funfun fún eruku. Mo rán aṣọ, mo tú u, mo tún un rán. Mo ń rò ó pé tí n bá jẹ́ kí wọ́n kú síbí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́rùn, ta ni mo gbèjà? Màámi ni wọ́n ṣẹ̀. Màámi ló yẹ kó gbọ́ ọ, kó bú wọn fúnra ẹ̀.

Mo bọ́ síta, mo gbé Dúdú lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mọ́ ọn. Àwa méjèèjì sunkún, kí n má parọ́.

Mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì kejì, ọ̀kan níwájú Dúdú, ọ̀kan lẹ́yìn. Má-Fọwọ́-Kàn-Án fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ títí ibi tó wú fi yí sẹ́yìn. Bisimillah. Bàbá ló ti apá pọ́ńpù wọlé fúnra wọn. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ìka wọn ríran. Ó jókòó. Bóòtù ọ̀tún díẹ̀, bóòtù òsì díẹ̀, ọ̀tún, òsì. "Déédé ẹ̀ rè é," ni Bàbá wí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Epo gòkè nínú abọ́ gíláàsì kékeré orí pọ́ńpù, ó mọ́ kedere. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyálé jẹ́. Ewé fúrúùtù gbọ̀n sílẹ̀ lé wa lórí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ohùn ẹ̀ ò yí padà.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fi ṣe Má-Fọwọ́-Kàn-Án lálejò. Ó jẹ abọ́ mẹ́ta.

Àìkú, 2 oṣù Èrèlè

Efire ni mo ti ń kọ èyí, lórí àpáta ìfọṣọ ẹ̀yìnkùlé Màámi.

Èmi ni mo wakọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbíadé, Àbígi. Bàbá ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọ̀sà, ọyẹ́ àti òórùn ẹja pò pọ̀, ojú ọ̀nà funfun, àfi bíi pé inú àlá ọjọ́sí la wà. Ṣùgbọ́n mo di ìtọ́kọ̀ mú.

Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n gbọ́ ohùn Ìyálé kí wọ́n tó rí wa. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ — ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, nínú iyanrìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Màámi gbọ́wọ́ sókè.

"Mo rí yín láti ojú fèrèsé, Bàbá Oríolúwa. Mo rí yín tẹ́ ẹ ń yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ sí Ìbíadé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó ní kí n wá wọkọ̀, mo ní rárá, ọkọ mi máa dá a padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ẹrù mi."

Oríolúwa ni èmi, orúkọ tí Màámi fún mi. Mi ò lè gbójú sókè.

Bàbá ò dìde. Màámi wọlé lọ, mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Wọ́n jáde padà pẹ̀lú àpò kékeré kan, wọ́n kọjá lára Bàbá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú Ìyálé, wọ́n jókòó.

"Ẹ dìde. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi."

Mo fún Bàbá ní kọ́kọ́rọ́. Itẹ́ òkú wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n rọra wà á. Mo jókòó síbí, mo ń gbọ́ Ìyálé títí ó fi dúró.