Oògùn Tí Wọn Kò Dán Wò Lára Ẹja

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ odò o. Ara mi le koko ní ìlú Basel lókè òkun níbí. Ilé iṣẹ́ oògùn oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gbé oògùn apakòkòrò tuntun fún mi, kí n fi àwọn oògùn tó jọ ọ́ sọ bóyá tuntun náà yóò pa ẹja, láìdán an wò lára ẹja kankan. Mo kọ ọ́ pé yóò pa wọ́n, torí èyí tó jọ ọ́ jù ń pa wọ́n.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Jandira, ọmọ apẹja ni ọ́ lóòótọ́! Lọ wá òmíràn tó jọ ọ́, èyí tí kì í pa ẹja."

Mo ní, "Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe é."

Wọ́n sì tètè rí i.

Mo ń sinmi nílé níbí báyìí, kò sí ọ̀gá tó ń pè mí láàárọ̀ mọ́. Oko ìrẹsì òkè odò wa ti ra oògùn náà. Tí ẹ bá rí ẹja tó léfòó, ẹ má ṣà á jẹ o.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sanra.

Jandira yín