Sinimá Tí Mo Túmọ̀ Fún Màmá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ìtalúpẹ̀,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 1986.

Richard, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ méjèèjì tí a ò tíì rí ju inú fọ́tò lọ ńkọ́? Otútù Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé ó ń han yín léèmọ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni. Màmá wà, orúnkún wọn nìkan ni kò bá ọyẹ́ ọdún yìí rẹ́. Èmi náà ń bẹ, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, Richard, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Jọ̀ọ́, fi sùúrù ka lẹ́tà yìí dópin.

Ọ̀gbẹ́ni Ernest, olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní Ìjàgun, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ yá fíìmù lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ní Èkó, ti Íńdíà, ti Ṣáínà, ti Faransé, ti Rọ́ṣíà, ó ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ṣe àjọ̀dún sinimá gbogbo àgbáyé láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n fún un. A fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, èrò sì wọ́ wá láti Odògbolú àti Ayépé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán, mélòó ló sì máa kà á nínú wọn? Ló bá gba ọ̀dọ̀ mi wá, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwàásù fún wa, ẹ ṣàánú wa, ẹ bá wa túmọ̀ sinimá."

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti kú, èmi ni mo gba iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. O sì mọ òfin wọn: ògbufọ̀ kì í bù kún un, kì í bù kúrò níbẹ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ tí oníwàásù kan ṣi ìtàn Jónà sọ, tí Bàbá túmọ̀ àṣìṣe náà bó ṣe rí? Wọ́n ní ẹnu oníwàásù ni, kì í ṣe ẹnu àwọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo túmọ̀ ti Íńdíà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo túmọ̀ méjì, ohùn mi há. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo ju àwọn òṣèré lọ. Ràmọ́tà aládùúgbò wa kò jẹ́ kí n mí, ṣáá ló ń ké sí mi látọ̀ọ́kán pé, "Tíṣà, kí lọkùnrin yẹn wí?" kí n tó la ẹnu. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀dì mi nìkan ni mo fẹ́ rí. Ọjọ́ náà gan-an ni Màmá ní àwọn á wá. Wọ́n jókòó níwájú pátápátá, Ràmọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ti Rọ́ṣíà ló kàn. Ìyá arúgbó kan ni, abúlé tí yìnyín bò ló ń gbé. Màmá ké sí mi pé, "Mọ́ṣádé, ṣé òwú nìyẹn?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Gèlè tí ìyá náà so sábẹ́ àgbọ̀n, bí Màmá ṣe ń so tiwọn nígbà ọyẹ́ náà ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí ìlú ńlá, kò padà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìyá á lọ wo ọkọ̀ ojú irin, á padà délé, á gbé àga ọmọ náà sídìí tábìlì, á bu oúnjẹ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń tan àwòrán sí ni mo dúró sí, mo ń rí ojú Màmá. Gúgúrú tí Ràmọ́tà rà fún wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò fẹnu kàn án.

Nígbẹ̀yìn, lẹ́tà dé. Ẹni tó mú un wá ló ń kà á fún ìyá náà. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni pé, "Ẹ má dúró dè mí mọ́. Mi ò ní padà wálé." Máíkì wà lẹ́nu mi. Gbogbo èrò ń wo ẹnu mi. Mo wo Màmá, mo ní, "Ọmọ náà ní òun ń bọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa dé."

Ràmọ́tà fò sókè, "Alihamudulilai!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ernest tó wà nídìí ẹ̀rọ yí ojú wò mí. Ìyá inú àwòrán dìde, ó gbé àga ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì, ó gbé e lọ sí yàrá ẹrù, ó pa àtùpà. Ó parí.

Èmi àti Màmá rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Wọ́n wá dúró, wọ́n fi ara ti ọ̀pá wọn. Wọ́n ní, "Mọ́ṣádé, n ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ń bọ̀ kì í gbé àga kúrò." Mo wolẹ̀. Wọ́n tún ní, "Ṣé bí o ṣe ń ka lẹ́tà Richard fún mi náà nìyẹn?"

Richard, kí ni kí n wí? Ọdún márùn-ún ni o ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìlà mẹ́ta sí wa, bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Èmi ni mò ń sọ ọ́ di ojú ìwé kan. Èmi ni mo ní o béèrè orúnkún wọn. Èmi ni mo ní o lálàá wọn. Nínú èyí tí o kọ nígbà Àjíǹde, ìwé ìbí rẹ nìkan lo ní kí n wá fi ránṣẹ́, o ò dárúkọ ìyá rẹ rárá. Èmi ni mo ní o máa wálé ní Kérésìmesì yìí. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń ṣí fèrèsé yàrá rẹ láràárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n ní irọ́ máa ń sá kí òótọ́ tó bá a. Tèmi ò lé ní márùn-ún.

Nígbà tí a wọlé, wọ́n kó àwọn lẹ́tà rẹ jáde lábẹ́ Bíbélì wọn, wọ́n ní, "Kà á bó ṣe wà." Mo ní ojú ń dùn mí. Wọn ò bá mi jà, ó sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n kó o padà. Láàárọ̀ yìí, wọn ò ṣí fèrèsé náà.

Mi ò bú ọ. Mo mọ̀ pé òkè òkun ò rọgbọ. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa fi ẹnu mi sọ ọ̀rọ̀ tí o ò sọ. Màmá ń fi gíláàsì wọn ka Bíbélì Yorùbá lójoojúmọ́. Fi Yorùbá kọ lẹ́tà tìrẹ, kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá ń bọ̀, kọ ọ́. Bí o ò bá ní wá, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Màá gbé e lé wọn lọ́wọ́ láìtú u.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, fi ọwọ́ pa orí àwọn ọmọ fún mi. Ràmọ́tà ní kí n kí ọ, ó ṣì ń sọ kiri àdúgbò pé ọmọ Rọ́ṣíà yẹn ti délé. Ọ̀gbẹ́ni Ernest ń múra ti ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ní kó lọ wá ògbufọ̀ mìíràn.

Ibí ló yẹ kí n kọ ọ́ sí pé Màmá kí ọ. Wọn ò rán mi, mi ò sì ní bù kún un.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́,
                                        Mọ́ṣádé.