Ọkàn Mímọ́ tí Wọ́n Fi Kọ́ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Carrowbeg,
Ọjọ́ Ẹtì.

Sorcha ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé Dọ́blìn kò tíì gbé ọ mì? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Abo màlúù dúdú yẹn ti bímọ, òjò kò sì jẹ́ ká ráyè wa pọ̀tétò.

Kí n tó sọ ohun tó ń bí mi nínú, mo fẹ́ fẹjọ́ obìnrin inú fóònù rẹ sùn ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, òun ló ń dáhùn, á ní o kò sí nítòsí, kí n sọ tẹnu mi bí nǹkan kan bá ti dún. Mo kí i dáadáa, mo bèèrè ilé àti ọ̀nà, kò dá mi lóhùn. Kò sì jíṣẹ́ tí mo rán an, torí ká ní ó jẹ́ ẹ ni, o ò bá ti dé. Ìyẹn ni mo fi gbé bírò.

Àǹtí rẹ Attracta ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ ṣubú ní ilé àwọn arúgbó tí èmi àtìwọ jọ mú un lọ.

O rántí ohun ọ̀rùn funfun tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó débẹ̀, tí nǹkan pupa roboto wà láàárín rẹ̀, tó máa ń tàn téèyàn bá tẹ̀ ẹ́? Ojú ẹsẹ̀ lèmi àti Àǹtí ti mọ̀ ọ́n: Ọkàn Mímọ́ Jésù ni, irú èyí tó wà nínú àwòrán tí iná pupa rẹ̀ ń tàn lókè ààrò wa, àfi pé wọ́n ti sọ tiwọn di kékeré. Mo tiẹ̀ gbé e lọ fún Fadá Mulrooney kó wọ́n omi mímọ́ sí i. Fadá wò mí títí, ó sì wọ́n ọn. Láti ìgbà náà, bí Àǹtí bá ti ń ka ròsárì, á tẹ̀ ẹ́, á fẹnu kò ó, iná á tàn, inú rẹ̀ á dùn.

Àṣé aago ni wọ́n ń pè é! Ọ̀gá ilé arúgbó náà, Mìsíìsì Geraghty, sọ pé ọ́fíìsì àwọn ló ti ń dún, pé àwọn nọ́ọ̀sì á sáré dé, wọ́n á bá a lórí “Mo kí ọ Màríà”. Ó sú wọn, ni wọ́n bá bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní aago wo ni kò ní ahọ́n? Mo ní tó bá tiẹ̀ jẹ́ aago, ta ní í so aago mọ́ èèyàn lọ́rùn tí á tún máa bínú pé ó ń dún? Ó ní kí n má pariwo. Èmi tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀!

Ọkàn Mímọ́ yẹn ni Àǹtí dìde lọ mú lóru tó fi ṣubú. Ilẹ̀ ló wà títí ẹni tó ń gbé tíì àárọ̀ kiri fi dé. Wọn ò bi í léèrè ibi tó ń dùn ún, wọ́n kàn gbá a mú lábíyá, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fún un ní tíì. Àgùntàn lásán, tó bá já sí kòtò, à á yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ká tó gbé e! Nígbà tí mo débẹ̀ lẹ́yìn Mísà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ. Mo wá pariwo wàyí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé. Dókítà ní egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán. Mìsíìsì Geraghty ní ìṣẹ̀lẹ̀ làwọn ń pe irú rẹ̀. Mo ní ìwà ìkà là ń pè é ní Carrowbeg.

Owó tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú ògiri bánkì tó ń na owó síta, bí mo ti máa ń ṣe, òun náà kò dáhùn. Ṣùgbọ́n má fi òmíràn ránṣẹ́. Ó ti ń ṣe mí bíi pé ìwọ lo ní kí obìnrin inú fóònù yẹn máa sọ pé o kò sí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, inú ń bí mi sí ìwọ náà, mi ò ní fi bò. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu; ta ni ọmọ Attracta tí kì í bá ṣe ìwọ? Owó ọkọ̀ ojú irin ni mo ń tọrọ, tìẹ. San án, kí o wọlé sínú ọkọ̀.

Lánàá, ní ọsíbítù, mo bi Àǹtí léèrè irú àdúrà tí kò lè ṣe láìtẹ nǹkan yẹn. Ó ní ẹyọ kan ni: kí Ọlọ́run mú Sorcha wálé. Ìwọ ló ń pè láti ọjọ́ yìí, àwọn nọ́ọ̀sì ló kàn ń dáhùn.

Mo ti lọ já Ọkàn Mímọ́ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn, mo ti dá a padà sí i lọ́rùn. Ọsíbítù jìnnà sí ọ́fíìsì wọn, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ mọ́. Ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Kí Màríà Wúńdíá máa ṣọ́ ọ, kí Ọlọ́run sì là ọ́ létí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fergal.